Káàdì Agbọ́n fún Oko Àgbàdo: Ohun Tí Mo Rí ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará oko wa ní Ìlíṣàn pé mo fẹ́ fowó ra agbọ́n tí yóò máa ba ẹyin kòkòrò àgbàdo mi jẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń mu gàrí Ìjẹ̀bú jẹ agbọ́n ní gbèsè: agbọ́n tí a kó wá láti Paraguay, tí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí tú sílẹ̀ ní 1981, ló ṣẹ́gun kòkòrò funfun tó fẹ́ run ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà.

Èyí tí mo rà yàtọ̀ sí ìyẹn. Irú agbọ́n tí wọ́n ń pè ní Trichogramma ni, kò tó mìlímítà kan, kì í sì í ta ènìyàn. Àwọn tí ń sìn ín nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde máa ń lẹ ẹyin àfòpiná ìrẹsì mọ́ páálí pélébé, òun ni káàdì náà. Agbọ́n á yé tirẹ̀ sínú ẹyin náà, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ inú rẹ̀ tán kó tó jáde lọ wá ẹyin kòkòrò inú oko yé sí. Mo fi dígí tí ń mú nǹkan tóbi wo ọ̀kan: èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin náà ti dúdú bí èédú, àmì pé ọmọ agbọ́n wà níbẹ̀.

Ọjà náà dára. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ni n kò fara mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá fún mi, Ọjọ́bọ̀ ló dé, nínú ọ̀rá dúdú tó gbóná, ìdajì agbọ́n sì ti jáde, wọ́n ti kú síbẹ̀. Ẹyin kòkòrò tí ń jẹ ọkàn àgbàdo (fall armyworm), èyí tí a kọ́kọ́ gbúròó rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2016, kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó pa, agbọ́n yìí kò sì rí nǹkan fi ìdin tó ti jáde ṣe. Ọjọ́ méjì tí wọ́n fi pẹ́ yẹn ló gba gbogbo àǹfààní ọjà náà lọ.

Wọn kò bá mi jiyàn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi fúnra mi lọ gbé èkejì, mo fi òwú so ó sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, mo sì fi gíríìsì pa òwú náà nítorí èèrà. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ òkìtì ẹyin tí àfòpiná tó ń bí kòkòrò àgbàdo náà ti fi irun ara rẹ̀ bò nípọn ṣòro fún un. Agbọ́n kékeré mìíràn, Telenomus remus, ló mọ bí a ṣe ń wọ irú ibẹ̀. Mo béèrè, wọn kò tíì ní in. N ó tún rà á fún àgbàdo òjò tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi rán dírẹ́bà mọ́.