Iná ara ògiri mẹ́rin tí mo rà sí pálọ̀: ó dáa, àmọ́ ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò kí wọ́n tó dè é

Oṣù kẹta rèé tí iná ara ògiri mẹ́rin, àwọn tí à ń pè ní wọ́ọ̀lù bírákẹ́ẹ̀tì, ti wà ní pálọ̀ wa l'Ókè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, mo wá lè sọ ohun tójú mi rí báyìí. Ìsọ̀ kan lápá Ìgbọ̀nà ni mo ti rà á, ₦9,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, irin dúdú ni, gíláàsì roboto wà níwájú ẹ̀, gílóòbù onísíkúrù ló ń lò, kì í ṣe onípíìnì.

Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé aláró ni Màámi, adìrẹ ẹlẹ́kọ méjì wà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí fúnra wọn láyé ìgbà tí mo ṣì kéré, mo fi férémù sí i mo gbé e kọ́, àmọ́ iná àjà kan ṣoṣo tá a ní, òjìji ẹni tó bá dúró níwájú ẹ̀ ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Gílóòbù tí wọ́n kọ́kọ́ kó fún mi, oníyẹ́lò ni, 3000K, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, ló wà lára páálí ẹ̀. Ó tura lójú lóòótọ́, àmọ́ gbogbo aró yẹn wá dúdú bí èédú, ẹ ò lè mọ̀ pé búlúù wà níbẹ̀ rárá. Mo lọ pààrọ̀ ẹ̀ sí 6500K, aró yọ dáadáa, pálọ̀ wá funfun báláú bíi ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìì. 4000K, wọ́ọ̀tì 7, ni mo padà fìdí kalẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tan ìmọ́lẹ̀ sí aṣọ tàbí àwòrán, ẹ wo nọ́ńbà tí K wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ibi tọ́rọ̀ ti wúwo ni wáyà. Bọ̀dá oníná tó kọ́kọ́ ṣe é wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sókè láti ilẹ̀, ó gbẹ́ ògiri, ó ri páìpù sínú ẹ̀, ó fa wáyà 1.5mm, gbogbo ìyẹn dáa. Àmọ́ pupa àti dúdú nìkan ló fà. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó wà lẹ́yìn iná yẹn, ẹ́ẹ̀tì nìyẹn, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ojú mi báyìí ló fi páláyà gé e kúrò, ó ní "Àǹtí, èyí ò ṣe nǹkan kan." Èmi náà ò mọ̀, mo dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo rí i pé tá a bá ti pa súìṣì, gílóòbù ṣì ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bíi ti tanátaná. Mo rò pé bí gílóòbù LED ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ mo fẹ́ nu eruku lára ọ̀kan, mo pa súìṣì o, mo fi aṣọ tútù kàn án báyìí ni iná bá gbé mi, apá mi gbọ̀n títí dé èjìká. Sílípáàsì rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ mi ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní.

Bàbá kan tó ti ń ṣiṣẹ́ iná tipẹ́ ni mo lọ pè. Wọ́n pa méénì, wọ́n fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tú u. Wáyà láìfù, èyí tó ń gbé iná wá, ti há sáàárín irin àti ògiri, rọ́bà ara ẹ̀ ti bó, kọ́pà ń kan irin. Wọ́n tú súìṣì náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, níútírà ni súìṣì yìí ń gé, láìfù ò kúrò lókè lọ́hùn-ún." Níútírà ni wáyà tí iná ń gbà padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa á tó ṣì gbé mi, ìdí tí gílóòbù fi ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ náà nìyẹn. Wọ́n gbé láìfù gba inú súìṣì, wọ́n fa wáyà kẹta gba inú páìpù kan náà lọ bá ẹ́ẹ̀tì níbi bíréékà, wọ́n dè é mọ́ irin iná kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún fi àwọ̀ hàn mí: wáyà búráùn tó bá iná yẹn wá ni láìfù, òun ni wọ́n so mọ́ pupa ilé wa, búlúù ẹ̀ ni wọ́n so mọ́ dúdú.

Iná fúnra ẹ̀ ò ní ẹ̀bi nínú gbogbo ìyẹn. Ẹ̀bi tiẹ̀ ni kónẹ́kítọ̀ tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀ tó wà nínú páálí, síkúrù ẹ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tá a fún un, a ra tuntun. Rọ́ọ̀lù pọ́lọ́ọ̀gù ẹ̀, ike tí wọ́n ń rì sínú ògiri kí síkúrù lè dúró, náà kúrú jù fún búlọ́ọ̀kù wa tó ní ihò nínú, ṣe ló ń yí lójú ibẹ̀, Bàbá fi èyí tó gùn sí i. Ẹ má sì gbé e síta o, IP20 ló wà lára ẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lè dènà eruku àti omi sí nìyẹn, kò lè gba òjò. Tìta, ẹ wá IP65.

Kò dípẹtà, ọ̀dà ẹ̀ ò bó, gílóòbù kankan ò tíì jó láti ìgbà tí mo ti fi 4000K sí i, pẹ̀lú bí iná ṣe máa ń lọ sókè sódò. 7 nínú 10 ni mo fún un.

Màámi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dúró síwájú adìrẹ yẹn pẹ́, wọ́n ń fi ìka tọ ilà tín-ín-rín kan níbi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró sì wọlé, wọ́n ní àwọn ò rí ilà yẹn rí láti ọjọ́ táwọn ti sá a gbẹ. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi ọ̀kan sí yàrá àwọn. Mo ti ra kónẹ́kítọ̀ ẹ̀ sílẹ̀.