HandBrake mọ iṣẹ́ ẹ̀ o, àmọ́ ẹ má ní kó bá yín kọ subtitle

Ẹni tó bá fẹ́ kí subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fídíò, lẹ̀ mọ́ fídíò ilé ẹ̀ pátápátá, tí ò fẹ́ kí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí máa wá ibi tí wọ́n ti ń tàn án kiri, HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń yí fídíò láti oríṣi kan sí òmíràn, ni kó lọ dáńlóòdù. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ tòótọ́, kì í ṣe irú èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá parí iṣẹ́ tán lẹ máa wá rí orúkọ wọn gàdàgbà láàárín fídíò yín. Láti 2003 ló ti wà, ó wà fún Windows, ó wà fún Mac, ó wà fún Linux, handbrake.fr ni wọ́n ti ń gbà á, ẹ má lọ gbà á níbòmíì jàre. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ máa rí ibi tí ìkan yẹn gbà lọ tẹ́ ẹ bá kà á délẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe burn in, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà máa kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí àwòrán fúnra ẹ̀, kò ní jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀ mọ́. Ó ti wọ inú ẹ̀ bí aró ṣe ń wọ aṣọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ibi tó ti dáa ni pé tẹlifíṣọ̀n yòówù, fóònù yòówù, ó máa hàn níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó wà lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ áàpù tá a fi ń fi fídíò ránṣẹ́ ò tiẹ̀ ní gbé e jáde rárá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ó ti bọ́ síbẹ̀ nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Torí náà fídíò àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má pa á rẹ́ o, bó ti wù kí àyè há tó lórí kọ̀ǹpútà yín.

Lílò ẹ̀ ò le. Ẹ ṣí fídíò nínú ẹ̀, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Subtitles sí, ẹ mú fáìlì SRT yín (èyí tẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ subtitle àti àsìkò ẹ̀ sí) wọlé, ẹ máàkì àpótí kékeré tí wọ́n kọ Burn In sí, ẹ tẹ Start Encode, ó tán. Ìkan ṣoṣo ló lè lẹ̀ mọ́ fídíò lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ èdè méjì pa pọ̀, inú fáìlì kan náà ló máa kọ méjèèjì sí. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni Range: kẹ́ ẹ tó ní kó ṣe odindi fídíò wákàtí méjì, ẹ yí i sí Seconds, ẹ ní kó ṣe ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ péré, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ṣeé kà, bóyá ó bá ẹnu mu.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa ni preset, ìyẹn ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún yín. Èyí tó máa bá yín gbé kalẹ̀ fúnra ẹ̀ ni Fast 1080p30, tí fóònù yín bá sì ya fídíò ní 4K, ó máa fún un pọ̀ di 1080p, tó bá jẹ́ 60 fírémù ní sẹ́kọ́ǹdù, ó máa já a sí 30, kò sì ní bi yín léèrè. Ẹ yan èyí tó bá fídíò yín mu. Lẹ́yìn náà, RF ló ń sọ bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó, nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe ń dáa tó tí fáìlì sì ń tóbi tó, àwọn tó ṣe é ní 20 sí 24 dáa fún 1080p, èmi 20 ni mo máa ń fi sí torí fídíò ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ta ló máa tún un yà? Ohùn ní tiẹ̀, ẹ yan Passthru kó má bàa fọwọ́ kàn án. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà, ẹ lọ wá nǹkan míì ṣe, ó máa pẹ́. NVENC (ti káàdì àwòrán Nvidia) tàbí QSV (ti Intel) máa ń yá ju x264 tí HandBrake ń lò fúnra ẹ̀ lọ tí ẹ̀rọ yín bá ní in, fáìlì ẹ̀ ló kàn máa ń sanra ju ti x264 lọ.

Wàyí o, ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ yẹn? Kì í ṣe HandBrake. Kò ní ibi tẹ́ ẹ ti lè tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo, fáìlì tó ti délẹ̀ ló ń gbà. Fáìlì SRT ò ṣòro lóòótọ́, nọ́ńbà, àsìkò, ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, kẹ́ ẹ bọ́ sí èyí tó kàn:

1
00:00:04,200 --> 00:00:07,500
Ẹ wò ó, ó ti dìde!

Kọ́mà ló wà ṣáájú nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn o, kì í ṣe àmì ìdánudúró. Ẹ lè fi Notepad kọ ọ́, àmọ́ ìyà ni fún fídíò tó gùn. Subtitle Edit ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó máa ya ìró ohùn sábẹ́ fídíò kẹ́ ẹ lè fojú rí ibi tí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ibi tó ti dákẹ́. Ẹ má kọ ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ìlà kan má sì ju nǹkan bíi 42 lẹ́tà lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé kíkà lẹ gbé fún wọn kì í ṣe fídíò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kọ Yorùbá, ẹ fara balẹ̀ síbí. Lákọ̀ọ́kọ́, UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ni kẹ́ ẹ fi tọ́jú fáìlì yẹn, kẹ́ ẹ sì yan UTF-8 náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń mú un wọlé sí HandBrake, torí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ máa di àmì ìbéèrè tàbí nǹkan jágbajàgba. Ìkejì ló le jù, òun náà ló sì jẹ ìkan tí mo yọ. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kọ̀ǹpútà ò ní in ní odindi, ẹ tàbí ọ ló máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kó tó wá to àmì ohùn lé e lórí, fọ́ńtì tí wọn ò bá ṣe dáadáa á wá gbé àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo síbẹ̀. HandBrake dẹ̀ ò jẹ́ kẹ́ ẹ yan fọ́ńtì fún SRT! Kò sí fọ́ńtì, kò sí bó ṣe máa tóbi tó, kò sí àwọ̀, ohun tó bá wù ú ló máa fi síbẹ̀. Irú sọ́fítíwíà tó ti pẹ́ báyìí, mi ò rí àwíjàre kankan fún un.

Ọ̀nà àbáyọ wà ṣá. Ẹ jẹ́ kí Subtitle Edit tọ́jú iṣẹ́ yín ní ASS, oríṣi fáìlì subtitle míì, dípò SRT, tàbí kẹ́ ẹ lo Aegisub, sọ́fítíwíà subtitle míì, torí inú fáìlì ASS fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń kọ fọ́ńtì, àwọ̀ àti ibi tí ọ̀rọ̀ máa jókòó sí. Ẹ fi Noto Sans tàbí DejaVu Sans sí i, méjèèjì gbé àmì wa dáadáa, kẹ́ ẹ wá mú ASS yẹn lọ sínú HandBrake tó bá jẹ́ ẹ̀dà tuntun. Ẹ ti rí i pé iṣẹ́ ti di méjì báyìí.

Tí ọ̀rọ̀ bá ń yá ju ẹnu lọ tàbí tó ń pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ibi Offset wà níbẹ̀, 1000 jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó bára mu níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń jìnnà síra díẹ̀díẹ̀ bí fídíò ṣe ń lọ, Offset ò lè wo ìyẹn, Point sync inú Subtitle Edit ló máa tò ó.

Àwọn kan máa sọ pé ṣebí Whisper wà, tí OpenAI gbé jáde ní 2022, kó gbọ́ fídíò kó sì kọ ọ́. Fún Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, ẹ lò ó. Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n ní ó gbọ́, àmọ́ èmi ò ní fi tèmi lé e lọ́wọ́, pàápàá fídíò ilé táwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí.

Ẹni tí pátákó dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí ò bá bà lẹ́rù, kó fi HandBrake sílẹ̀, kó lo FFmpeg, sọ́fítíwíà fídíò tí wọ́n ń fi àṣẹ darí:

ffmpeg -i fidio.mp4 -vf subtitles=oro.ass -c:a copy tuntun.mp4

Ìlà kan ṣoṣo nìyẹn, ohùn ò yí padà. Ẹ ṣáà kó fáìlì méjèèjì sínú fódà kan náà, kẹ́ ẹ má sì fi àmì sórí orúkọ wọn.