Kòtò aró Kofar Mata ní Kánò: mo gbé kíjìpá lọ láti Kàbà

Ẹ̀yin ará Òkun tí ẹ ní kíjìpá funfun, tí ẹ fẹ́ kí aró mú un dáadáa, ẹ gbé e lọ sí Kofar Mata. Aṣọ ni mo ń hun tà ní Kàbà, mi ò sì tíì rí ibi tí aró ti ń wọ òwú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà jìn. Lọ́kọ́jà, Àbújá, Kàdúná, Sáríà. Awakọ̀ wa sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má fòru rin ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn Sáríà, igi oṣè bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ọyẹ́ gbé eruku aṣálẹ̀ bo ojú ọ̀run. A gba Kúrà kọjá, ìlú tí wọ́n ti máa ń lu láwàní aláró títí á fi dán, tí àwọn Túárẹ́gì á rà á wọ aṣálẹ̀ lọ.

Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà Kofar Mata pé ọdún 1498 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ń rẹ aró nínú ìkòkò. Níbẹ̀, ọkùnrin ni, inú ilẹ̀ sì ni kòtò wọn wà. Ẹ̀lú, eérú àti kánún ni wọ́n pò, tí wọ́n jẹ́ kó kan. Òórùn rẹ̀ le, ẹ fara dà á.

Bàbá tó gba aṣọ mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n kọ́kọ́ fọ omi ẹ̀kọ ara òwú kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró ò ní wọlé. Àbúrò mi tó ń gbé Sábó ní Kánò ló bá wa túmọ̀. Bàbá náà rì í, ó fà á yọ, ó fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, ó tún rì í. Bó bá jáde ní àwọ̀ ewé, ẹ má bẹ̀rù: atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Wọ́n wá gbé e sórí ìtì igi, wọ́n lù ú. Ó dúdú, ó ń dán, bí aṣọ ẹtù tí àwọn ìyá wa ń tọ́jú sínú àpótí.

Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó kọ ọ́ pé aṣọ Kánò ń dé Trípólì àti Tìmbúkútù. Kòtò tó wà láìlò pọ̀ níbẹ̀ báyìí, ó dùn mí gan-an. Iṣẹ́ àwa tí à ń hun aṣọ lè mú kí wọ́n padà kún.

Ẹ dúnàá-dúrà kí aṣọ tó wọ kòtò, kí ẹ sì dá a fọ̀ lẹ́ẹ̀kínní.