Pọ́ǹpù tí mo rà fún àkùrọ̀ màmá mi: ẹ̀rọ náà dáa, ẹni tó tà á ni kò dáa

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè bá tiẹ̀ lọ: pọ́ǹpù náà ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá tún fẹ́ rà lọ́la, irú rẹ̀ náà ni màá rà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní Adó-Èkìtì, n kò ní yà síbẹ̀ mọ́, kódà kí òjò máa lé mi bọ̀.

Ará Ìkún-Èkìtì ni wá. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa rí á mọ dáàmù Ero. Wọ́n ti kọ́ ọ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, omi tó sé mọ́lẹ̀ ló sì di adágún ńlá tí ẹ máa ń rí yẹn. Lákòókò òjò, omi á kún wá sókè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, á wá fi ilẹ̀ dúdú tó tutù sílẹ̀ létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni màmá mi ń dá àkùrọ̀. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ata rodo, tòmátì, ohun tó bá ti wọ́n lọ́jà lóṣù kìíní, ẹ lọ wò ó níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí omi ṣe ń fà sẹ́yìn ni ọ̀nà ìponmi ń gùn sí i. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sábẹ́ igi lọ́jọ́ kan, mo ń ka ìrìn màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún ló lọ tó bọ̀ pẹ̀lú garawa kó tó bomi rin ata rẹ̀ tán. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Mo ní kó jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́, ó ní bí mo ṣe ń da omi kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ra pọ́ǹpù nìyẹn. Lẹ́yìn Kérésì gbogbo wa máa ń padà sílé, lọ́tẹ̀ yìí iṣẹ́ ilé sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú: ògiri ilé ìdáná tó ti ń ṣí, páànù tó ń jò níyàrá bàbá wa tó ti dolóògbé. Bíríkìlà náà á nílò omi. Mo ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo á bá wa ṣe méjèèjì.

Nígbà tí Kérésì ku bí ọ̀sẹ̀ kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí fóònù. Mo ní mo fẹ́ èyí tí yóò gbé omi láti inú adágún dé oko ata. Kò bi mí bóyá oko náà ga ju omi lọ, kò bi mí bó ṣe jìn tó. Ó kàn nawọ́ sí pọ́ǹpù oníbẹntiróòlù kan tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, ó ní, “Màmá, èyí ni gbogbo àgbẹ̀ ń rà. Ẹ kàn fa okùn, omi á máa bọ̀.” ₦130,000 ló pè é. A dúnàá-dúrà títí tó fi gbà ₦118,000. Owó rọ́bà tún yàtọ̀: mítà mẹ́wàá tí yóò wọ inú omi, mítà àádọ́ta tí yóò gbé omi lọ sóko. Aláwọ̀ búlúù ni méjèèjì, wọ́n pẹlẹbẹ bíi bẹ́líìtì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Aṣọ ni èmi ń tà. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ aṣọ agbádá, tí mo wá gé yáàdì márùn-ún fún un láìbi í bóyá bàbá tó fẹ́ wọ̀ ọ́ sanra, kì í ṣe tẹ́lọ̀ ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá la kó ẹ̀rọ jáde. Èmi, àwọn ọmọ mi méjèèjì, àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, gbogbo wa dé etí omi bí ẹni ń lọ ṣe ìsìn. Àbúrò mi fẹ́ po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù bí a ṣe máa ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ kékeré ayé ọjọ́un. Mo dá a dúró, nítorí mo ti rí i lára páálí pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ́ìlì ń wọ̀ nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ó wá gbé pọ́ǹpù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ata. Ó ní ibi tí a ó ti lo omi ló yẹ kí ẹ̀rọ wà. Lójú tèmi náà, ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹ̀rọ ké ní ìfà kẹta. Ó ń ké, ó ń gbọ̀n, omi kò wá. A pa á, a tún fà á. Títí di ọ̀sán, awọ àtẹ́lẹwọ́ àbúrò mi ti bó, omi kò wá. Màmá gbé garawa rẹ̀, ó gba àárín wa kọjá, ó lọ ponmi. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lálẹ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wa dé láti Adó. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Póòlì Ìjọba Àpapọ̀ níbẹ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀rọ náà, ó wá bi wá pé, “Ṣé ẹ rọ omi sí i lẹ́nu?” A ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àlàyé tó ṣe fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyí, òun náà ló sì yẹ kí n ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Aǹtí, pọ́ǹpù kì í fa omi bí ẹ ṣe rò. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà ló ń yọ kúrò. Afẹ́fẹ́ ìta tó ń tẹ ojú adágún ló wá ń ti omi gòkè sínú ibi tó ṣófo yẹn.” Nítorí náà, inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kún fún omi kí ẹ tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lágbára láti yọ afẹ́fẹ́ kankan, á kàn máa yí lásán ni, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ á ba ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà tún ni omi kò ṣe lè gòkè kọjá bíi mítà mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀, bó ti wù kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbówó lórí tó. Ó ní irú tiwa yìí, bó bá rí mítà méje, ká máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ tán, títì ló kù, ọ̀rọ̀ títì sì yàtọ̀: mítà ọgbọ̀n ni wọ́n kọ sára tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ gbọ́: ẹ gbé e sún mọ́ omi, kí ẹ jẹ́ kó máa tì í lọ sóko. Ẹ má gbé e sóko kẹ́ ẹ ní kó máa fà á wá.

A gbé e sọ̀ kalẹ̀. A rọ omi sí i lẹ́nu títí ó fi kún. A fa okùn. Rọ́bà tó wà nínú omi bá lẹ̀ pọ̀ lójú wa, pẹrẹsẹ, bí ìfun ẹran tí alápatà ti fún. Afẹ́fẹ́ ìta ti tẹ̀ ẹ́ pa. Rọ́bà pẹlẹbẹ, ti àgbélọ nìkan ni. Èyí tó ń wọ inú omi gbọ́dọ̀ le, kó ní egungun nínú, kó máà ṣeé tẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta pọ́ǹpù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin náà lórí fóònù. Mo kí i dáadáa, mo ṣàlàyé. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, tó le wà, owó tiẹ̀ yàtọ̀ ni.” Mo ní ṣé ó máa gba èyí padà. Ó ní ọjà tí àwọn bá ti tà kì í padà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní mi ò béèrè. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó béèrè, ṣé yóò tún béèrè ni? Mo pa fóònù kí n tó sọ ohun tí n kò ní lè kó padà níwájú àwọn ọmọ.

Ìlú Ọ̀tùn-Èkìtì la ti rí rọ́bà líle rà, èyí tí wáyà yí inú rẹ̀ ká. Bàbá tó tà á fún wa níbẹ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́ta kó tó gé e: gíga, jíjìn, ṣé iyanrìn wà nísàlẹ̀ omi. Ó wá fi asẹ́ kan kún un fún ẹnu rọ́bà, kí ewé àti iyanrìn má bàa wọ inú ẹ̀rọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Síbẹ̀ omi ṣì ń wá, ó ń lọ, ó ń pọ afẹ́fẹ́. Ojú kílíìpù tó so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nítorí kò sí wáṣà tí yóò dí i nínú páálí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ní kí wọ́n wá túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó yí i mọ́ oríkèé náà bí ẹni ń di ọgbẹ́, ó fà á le kó tó ta kókó. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà búlúù náà kọ́kọ́ mira nílẹ̀ bí ejò tó jí, ó wú díẹ̀díẹ̀ gòkè lọ, a ń wò ó, gbogbo wa dákẹ́, àfi ìgbà tí omi tú jáde lókè tí àwọn ọmọ fi ariwo ta.

Omi náà lágbára! Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n kọ 500 lítà fún ìṣẹ́jú kan sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ló ń ṣe tó ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀? Èyí tí mo rí tó mi. Lítà bẹntiróòlù mẹ́ta la lò fún bíi wákàtí méjì àbọ̀.

Agbára yẹn náà ló ba ebè ewédú kan jẹ́ pátá. Omi hú u, ó gbé e lọ, màmá wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà fún gbogbo ọjọ́ tó ti dákẹ́. Bí ẹ ó bá fi íǹṣì méjì bomi rin ewébẹ̀ kéékèèké, ẹ má da ẹnu rọ́bà kọ ebè. Àwa so àpò ìrẹsì mọ́ ọn lẹ́nu, a gbé e lé orí pákó, omi wá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ gba poro lọ. Ẹ má sì rọ bẹntiróòlù létí omi o. Omi yẹn làwọn èèyàn ń mu. Àwa máa ń gbé e sókè ká tó rọ ọ́.

Ní ti iṣẹ́ ilé, ògiri ni mo fẹ́ sọ. Nínú ọyẹ́, símẹ́ǹtì tí wọ́n bá rẹ́ sára ògiri á gbẹ kó tó le, á wá máa sán. Bàbá bíríkìlà ní ká máa bù omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Dúrọ́ọ̀mù méjì là ń kún létí omi, a ó wá fi bárò kó o dé ilé nínú jálá. Ògiri náà kò sán níbì kankan. Páànù, wọ́n pààrọ̀ mẹ́ta, ó parí.

Ariwo rẹ̀ pọ̀, n kò ní parọ́. Àwọn apẹja bẹ̀ wá pé ká máa pa á ní àárọ̀ kùtùkùtù, a sì gbà. Nírọ̀lẹ́, bí a bá ti pa á tán, etí adágún á wá dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọmọ á máa ju òkúta sómi, ìyàwó àbúrò mi á máa yan ẹja, títí màmá á fi ránṣẹ́ pé “uyán” ti délẹ̀, ẹni tí kò bá wá, òun kò fi pamọ́ dè é. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n dàgbà sí Adó ń sín in jẹ: uyán, uyán! Inú rẹ̀ ń dùn.

Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì: pọ́ǹpù, 8 nínú 10, wáṣà tí kò sí àti ariwo ló jẹ méjì. Bàbá Ọ̀tùn, gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin Adó, 2, nítorí ó jẹ́ kí n ná an.

Màmá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ aládùúgbò ló ń bá a fa okùn. Ó ní òun ti ń bá àwọn ìyá méjì tí oko wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun bomi rin tiwọn, wọ́n á gbé bẹntiróòlù wá, wọ́n á sì fún òun ní tẹ̀tẹ̀. Mo bi í nípa ata. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ata, garawa lòun ṣì ń fi rin ín.