Mo sọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù di ti géèmù

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex 7010 yìí tẹ project àwọn ọmọ yunifásítì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, n'Íbàdàn. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Nígbà tí mo ra òmíràn, mo fẹ́ ta èyí, àmọ́ owó tí àwọn tó wá wò ó ń dá lé e kò tó ra epo jẹnẹrétọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Inú bí mi, mo gbé e lọ sílé, mo ní n ó fi ta géèmù.

Ọdún 2012 ni irú ẹ̀ jáde. Core i5-3470 ni processor ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀: core mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìyára 3.2GHz. Irú tó ga, tó ń dá dúró nílẹ̀, ni tèmi, ìyẹn sì ṣe mí lóore, torí káàdì àwòrán (èyí tó ń gbé àwòrán géèmù sójú monitor) tó bá ga kì í wọ inú èyí tó rí pẹlẹbẹ. Ibi tó ti le ni ọ̀rọ̀ iná. Power supply ẹ̀, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ara ẹ̀, ò ju wáàtì 275 lọ, kò sì ní wáyà tí èèyàn lè fà sí káàdì. GTX 1650 oní 4GB ni káàdì tí mo mú, irú èyí tó ń mu wáàtì 75 ẹ̀ láti ojú ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó o, GTX 1650 míì wà tó ń béèrè wáyà.

Mo fi SSD 480GB sí i, ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ. Ti RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, ló fẹ́ẹ́ dìjà. 8GB méjì ni mo sanwó fún. Mo délé, mo tàn án, ó ní 12GB ni òun rí. Ọ̀kan nínú méjèèjì, 4GB ni, ìwé 8GB ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á. A fà á títí kó tó pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é." Ọmọ iṣẹ́ tí n kò rí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á!

Eruku inú ẹ̀rọ náà ti dì bí òwú. Nǹkan funfun tí wọ́n máa ń fi sáàárín processor àti irin tó ń fa ooru ẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí bí èépá. Mo fi spirit nù ún, mo fi tuntun sí i, mo dé e padà, mo tàn án: ojú monitor dúdú kirikiri. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó ta káàdì kí n tó rí i pé ojú VGA àtijọ́ ara kọ̀ǹpútà ni mo ṣì ki wáyà monitor bọ̀, dípò HDMI ara káàdì. Mo pa ẹnu mi dé.

PES 2021, géèmù bọ́ọ̀lù, la kọ́kọ́ dán wò, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ní 1080p (bí àwòrán ṣe mọ́ tó), 60fps ló dúró lé, ìyẹn àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò mì rárá, títí kan ìgbà tí òjò ń rọ̀ lórí pápá. Ó nà mí 4-1, n kò lè di ìyẹn ru kọ̀ǹpútà.

GTA V, géèmù ọkọ̀ àti ìbọn, ni ìdánwò gan-an. Mo ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí Epic, ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń pín in ní May 2020, àmọ́ ó ju 100GB lọ, ta ló fẹ́ fi dátà fa ìyẹn? Hard disk ọ̀rẹ́ mi ni mo ti kọ ọ́. Bí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń wà láàárín 60 sí 70fps. Bí mo bá gbé ọkọ̀ sáré wọ àárín ìlú tí ọlọ́pàá sì gbá tẹ̀ lé mi, ó já sí 42, ó ń ta kọ́sẹ̀kọ́sẹ̀. Mo wo MSI Afterburner, ètò tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ní igun ojú monitor: processor ti dé 100%, káàdì ò tíì kọjá 60%. Ẹni tó ti fọwọ́ tán, tó jókòó ti àwo òfìfo, tó ń retí kí wọ́n ro àmàlà tán, bẹ́ẹ̀ ni káàdì náà rí. Mo dín ẹwà àwòrán kù, kò yí nǹkan kan padà. Population Density ni mo fà wálẹ̀, tí èrò ojú pópó fi dín, ìgbà yẹn ló tó mí dáadáa.

Counter-Strike 2, géèmù ìbọn, ò dùn mọ́ mi. 80 ni bí ojú ọ̀nà bá dá; ìbọn dún, èéfín sọ, ó ti bọ́ sábẹ́ 50, kó o sì tó mọ̀ wọ́n ti pa ẹ́.

SSD ni owó mi tó wúlò jù. Hard disk àtijọ́ máa ń jẹ́ kí n po gààrí mu kí nǹkan tó ṣí. Ìṣẹ́jú kan báyìí ti tó fún GTA. Fáànù ń hó díẹ̀ bó bá gbóná. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, Microsoft sì ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn ẹ̀ ní October 2025, processor yìí ò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà, torí náà n kì í fi ṣe nǹkan báńkì.

Bí owó bá tún yọ, processor i7-3770 ni mo máa wá, ihò kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká kúkú ra káàdì àwòrán RTX. Mo ní kó lọ fọ abọ́.