Ajó inú mùdù àbí ajó inú kápúsù? Ohun tó yẹ kí obìnrin wò kó tó nawó nítorí ilé ẹyin

Iye ẹyin tí obìnrin gbé wáyé kì í lé sí i mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kápúsù òun ń bí ẹyin tuntun, ẹ má fún un lówó. Ohun tí èròjà inú ewé àti gbòǹgbò lè ṣe ni ààbò: bí afẹ́fẹ́ àti omi ṣe ń jẹ irin títí tó fi ń dípẹtà, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí tí ara ń ṣe nígbà tó bá ń lo ọ́síjìn ń jẹ sẹ́ẹ̀lì ẹyin, àwọn èròjà yìí sì máa ń dènà rẹ̀. Ara eku ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí rẹ̀. Ti ènìyàn ṣì kéré.

Ajó, ìyẹn ata ilẹ̀ pupa, ni a ó kọ́kọ́ wò. Curcumin, èròjà ààbò inú rẹ̀, ni ẹ ń wá. Ṣíbí tíì kan ìyẹ̀fun rẹ̀, bíi gíráàmù 3, ní nǹkan bíi mílígíráàmù 90 curcumin. Kápúsù méjì sì lè kọ "500 mg" sára kí wọ́n má jọra rárá: èyí tó kọ "turmeric powder" (ìyẹ̀fun ajó) nìkan ní bíi mílígíráàmù 15, èyí tó kọ "95% curcuminoids" (curcumin àti àwọn ìbátan rẹ̀) ní 475. Nítorí náà, ẹ ka ẹ̀yìn ike, ẹ má wo iwájú rẹ̀.

Ikùn kì í sábà gba curcumin wọlé. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo àti iyèré díẹ̀. Piperine, èròjà inú iyèré, ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Piperine yìí kan náà máa ń yí agbára òògùn mìíràn padà, nítorí náà kí ẹni tó ń lo òògùn lójoojúmọ́ bi dókítà.

Bí ẹ bá ń rà á lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà ní Ọjà Ọba tàbí ní Ọ̀fà, gbòǹgbò tútù ló dára jù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a níbòòji (oòrùn ń ba curcumin jẹ́), kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù kò tẹ́ mi lọ́rùn: ní Bangladesh, wọ́n rí i ní ọdún 2019 pé àwọn kan ti ń fi àwọ̀ tó ní òjé nínú kún un, òjé sì burú fún aboyún.

Ìṣápá pupa tàbí tíì aláwọ̀ ewé ńkọ́? Ìṣápá ni mo máa kọ́kọ́ mú, nítorí owó rẹ̀ kéré. Gíráàmù 10 sínú lítà omi gbígbóná kan, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má sè é pẹ́, èròjà pupa rẹ̀ á kú. Ẹ má fi ṣúgà kún un. Aboyún àti ẹni tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ mu ún láìbi dókítà. Tíì aláwọ̀ ewé dára nínú ife, ṣùgbọ́n kápúsù rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀ bí EGCG, èròjà ààbò inú rẹ̀, bá dé mílígíráàmù 800 lóòjọ́, pàápàá lórí ikùn òfìfo. Àwọn méjèèjì ń dí irin inú oúnjẹ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi wákàtí kan sáàárín wọn àti oúnjẹ.

Resveratrol, èròjà ààbò mìíràn tó wà nínú ẹ̀pà, wọ́n, ẹ̀pà sísè kò sì lè fún yín ní iye tó wà nínú kápúsù. Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú IVF (tí wọ́n ti ń so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara) kò gbọ́dọ̀ gbé e mì kó tó fi ike náà han dókítà.