Fage Total 0% nínú sàláàdì adìyẹ: ẹ má tíì da Bama nù

Ṣíbí ìjẹun kan máyónéèsì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Bama láìka orúkọ tó wà lára ìgò sí, tó nǹkan bí 100 kálórì. Òróró ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Abọ́ sàláàdì adìyẹ ènìyàn mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń kó sáàárín búrẹ́dì nígbà ooru, máa ń gbà tó ṣíbí 12 kó tó rọ̀ dáadáa. Ẹ ṣírò ó wò: 1,200 kálórì ti wọlé kí a tó dárúkọ adìyẹ. Ibẹ̀ ni yọ́gọ́ọ̀tì Gíríìkì ti rí iṣẹ́ ṣe, èyí tó sì wà nínú fíríìjì ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ikùn wọn ni Fage Total 0%.

Ó dára, a ò ní tìtorí àtibáni wí sọ pé kò dára. Àmọ́ ẹni tó bá da Bama nù pátápátá nítorí rẹ̀ yóò jẹ sàláàdì tó kan, tó sì ń ṣomi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kì í ṣe “féèjì”. “Fáyè” ni wọ́n ń pè é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ sọ pé “ẹ fàyè gbà mí”. Lédè Gíríìkì, “jẹun” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlú Athens ni ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1926. Èyí tí ẹ bá rà ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ilẹ̀ Gíríìsì ló ti ń wá. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ń jẹ èyí tí wọ́n ń ṣe ní Johnstown, ní ìpínlẹ̀ New York, láti 2008.

Kò sí idán nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ti di ògì sínú àpò rí, tó gbé òkúta lé e kí omi lè ro jáde, ti mọ iṣẹ́ náà. Yọ́gọ́ọ̀tì lásán ni wọ́n sẹ́ títí ó fi ki, débi pé wàrà tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń bá ike kan lọ. Nínú gíráàmù 100, purotéènì inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 10, kálórì rẹ̀ jẹ́ 54, ọ̀rá kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ yí ike náà padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i: wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, àti àwọn kòkòrò aláàyè tó ń mú un kan. Ó tán. Kò sí sítáàṣì, kò sí ṣúgà tí wọ́n bù sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ike tí wọ́n kọ “Greek style” sí o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ “style” yẹn ti dé kóòtù rí. Fage pe Chobani, ilé iṣẹ́ yọ́gọ́ọ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, lẹ́jọ́ nítorí yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tí wọ́n ń tà bíi ti Gíríìkì. Adájọ́ dá Fage láre ní 2013, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2014, pé ohun tí wọn kò bá ṣe ní ilẹ̀ Gíríìsì kò gbọdọ̀ jẹ́ “Greek yoghurt” lórí àtẹ. Ìdí nìyẹn tí “style” fi wà lára ike àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ike wọ̀nyẹn, wọn kò sẹ́ wọn rárá. Kírímù ló mú wọn ki. Purotéènì wọn kì í ju ìdajì ti Fage lọ, ọ̀rá wọn sì lè tó gíráàmù 10. Wọ́n dùn ní ẹnu, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá purotéènì tó lọ ra wọn ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sídìí òróró tó ń sá fún.

Ó yá, inú sàláàdì wá ńkọ́?

Bí ẹ bá kó ṣíbí Bama méjìlá kúrò, tí ẹ fi Fage 0% ṣíbí méjìlá rọ́pò rẹ̀, ohun mẹ́ta ni yóò ṣẹlẹ̀. Á kan jù. Á gbẹ lẹ́nu, bí ìgbà tí ènìyàn jẹ ẹ̀fun, nítorí igẹ̀ adìyẹ fúnra rẹ̀ kò lọ́ràá, yọ́gọ́ọ̀tì náà kò sì ní ọ̀rá tí yóò fi bá a dọ́gba. Ẹ̀kẹta ló ń bí ènìyàn nínú jù: tí ẹ bá ṣí abọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ ó bá omi funfun ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, búrẹ́dì á sì rin gbindin.

Ìdí rẹ̀ rèé. Máyónéèsì jẹ́ òróró tí ẹyin ti dì mú, iyọ̀ díẹ̀ kò lè tú u. Yọ́gọ́ọ̀tì yàtọ̀. Purotéènì inú rẹ̀ hun ara wọn bí àwọ̀n, omi sì wà láàárín ojú àwọ̀n náà. Tí ẹ bá fi ṣíbí rò ó ràì ràì, tàbí tí ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sí i, àwọ̀n á já, omi á ya. Adìyẹ gbígbóná tún burú ju ìyẹn lọ: ó ń mú kí yọ́gọ́ọ̀tì dì kókó kókó. Bí ẹ bá sì wá kó kùkúmbà tí ẹ kò fún omi rẹ̀ sí i, ọbẹ̀ lẹ sè yẹn.

Nítorí náà, ìwọ̀n tó mú Fage 0% ṣiṣẹ́ ni gíráàmù 150 rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun méjì péré ti Bama gidi, ìyẹn gíráàmù 30. Ṣíbí méjì yẹn kì í ṣe ìyànjẹ. Òun ló ń jẹ́ kí ẹnu rọ̀, tó sì ń mú ìkan yọ́gọ́ọ̀tì wálẹ̀.

Adìyẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ wa ti mọ́ kí á bọ adìyẹ pẹ̀lú kọ́rì àti táìmù títí ẹran yóò fi fẹ́ kúrò lára eegun. Fún adìyẹ líle tó ń lọ sínú ọbẹ̀, ó tọ́. Fún igẹ̀ adìyẹ tí kò ní eegun, ìyà ni. Ẹ mú gíráàmù 600 rẹ̀ láìsè, tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀. Ẹ tò ó sínú ìkòkò ní ẹyọ kan lórí ilẹ̀ ìkòkò, kí wọ́n má gun ara wọn. Ẹ bu omi tútù tó fi ìka méjì borí rẹ̀, iyọ̀ ṣíbí ìpotíì méjì, ewé éfínrín tàbí táìmù díẹ̀, àti ìdajì àlùbọ́sà. Iná kò gbọdọ̀ le. Ẹ wò ojú omi: bí omi bá ti ń mì, tí ìfófòó kéékèèké ń gun òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò tíì hó, ẹ dín iná kù kó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ pa iná, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tí ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ ti í bọ ibi tó nípọn jù. Tó bá ti kan 74°C, ó jinná. Tí kò bá sí, ẹ gé èyí tó tóbi jù sí méjì: kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ pupa láàárín, omi tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ mọ́ gaara.

Bí omi bá hó gan-an, ẹran á ká jọ, á fún omi ara rẹ̀ jáde, ẹ ó sì máa jẹ ohun tó dà bí kànrìnkàn. Kò sí yọ́gọ́ọ̀tì tàbí Bama tó lè tún èyí ṣe. (Ẹ má da omi rẹ̀ nù, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń dúró dè é.)

Ẹ yọ adìyẹ náà, kó fẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kó tún lo wákàtí kan nínú fíríìjì láìgé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bébà ìnuwọ́ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ má ya á bí okùn. Èyí tí a ya ń mu yọ́gọ́ọ̀tì bí ìyàngbẹ ilẹ̀ ṣe ń mu òjò, ẹ ó sì ṣáà máa bù kún un. Gíráàmù 600 yẹn á kù bí 440.

Ewébẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le: ọ̀pá sẹ́lẹ́rì méjì tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ápù aláwọ̀ ewé kan kékeré, àti àlùbọ́sà díẹ̀ tí ẹ ti rẹ sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 10 kí ìta rẹ̀ lè dínkù. Bó bá jẹ́ kùkúmbà lẹ fẹ́, ẹ yọ inú rẹ̀ tó ní kóró, ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì pa á lára fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fún un bí ẹni fún aṣọ. Ìdajì ata rodo tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ kúrò, tí ẹ gé wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, bá ìkan yọ́gọ́ọ̀tì mu ju ata dúdú lọ. Ojú tiwa nìyẹn o.

Bí ẹ bá ṣí Fage, ẹ ó rí omi díẹ̀ lókè rẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ má rò ó padà. Ẹ wọn gíráàmù 150 sínú abọ́, Bama ṣíbí méjì, mọ́sítáàdì ṣíbí ìpotíì méjì, oyin ìdajì ṣíbí ìpotíì, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì, tàbí ìdá mẹ́rin rẹ̀ tó bá jẹ́ kùkúmbà oníyọ̀ lẹ lò. Ẹ ha èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù ìdajì sí i. Omi lẹ́mọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìpotíì kan lọ. Àwọn tó mọ ti Bama lára ni wọ́n máa ń fún lẹ́mọ́ọ̀nù odidi sí i, wọ́n á wá ní yọ́gọ́ọ̀tì ló bà á jẹ́. Ẹ rò ó díẹ̀ kó ṣáà dàpọ̀, ẹ kó adìyẹ àti ewébẹ̀ sí i, ẹ máa yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ má lù ú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú fíríìjì, ó dé.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ mẹ́rin náà á ní nǹkan bí 280 kálórì àti gíráàmù 38 purotéènì. Ìwọ̀n kan náà tí ẹ bá fi Bama nìkan pò ń lọ sí bí 510 kálórì, purotéènì rẹ̀ kò sì tó 35. Àǹfààní purotéènì yẹn kéré. Adìyẹ ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Òróró tó kúrò níbẹ̀ gan-an ni èrè.

Fage Total 5% wà lórí àtẹ kan náà. Ẹni tí kò jẹ ẹyin, tàbí tí Bama ń bì lọ́fun, kí ó mú ti 5% yìí, gíráàmù 180, kó má fi Bama sí i rárá. Kálórì á tún wálẹ̀ sí bí 250. Ó rọ̀ lẹ́nu ju ti 0% lọ, ṣùgbọ́n yọ́gọ́ọ̀tì ni ẹ ó máa tọ́ wò, kì í ṣe sàláàdì adìyẹ tí ẹ mọ̀.

Owó rẹ̀ ga ju ti “Greek style” lọ, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó yẹn lè ra yọ́gọ́ọ̀tì lásán kílò kan, kó dà á sínú aṣọ funfun mímọ́ lórí asẹ́, kó gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́fà. Á bá nǹkan bí gíráàmù 450 nínú aṣọ. Èyí tí kò ní ṣúgà ni kó jẹ́ o. Yọ́gọ́ọ̀tì mímu inú ìgò tí wọ́n ń tà lójú títì l'Ékòó kò ní ki láéláé, ṣúgà rẹ̀ á sì ba adìyẹ jẹ́.

Sàláàdì tí ẹ ti pò á wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ṣe é fi sínú fírísà, torí omi ni yóò dà tó bá yọ́. Bí ẹ bá ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ tàbí sí pápá ìṣeré, kó má kọjá wákàtí méjì níta láìsí áìsì lábẹ́ rẹ̀, wákàtí kan péré bí ooru bá lé ní 32°C. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ṣe é fọkàn tẹ̀, ẹ tọ́jú adìyẹ lọ́tọ̀, ẹ tọ́jú yọ́gọ́ọ̀tì lọ́tọ̀, ẹ pò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Ike gíráàmù 450 ni kí ẹ rà: ó tó ìpò mẹ́ta. Ti 950 ń dán ènìyàn wò torí pé ó rọjú ju ti kékeré lọ, àmọ́ bí ẹ bá ti ṣí i, kò yẹ kó pẹ́ ju ọjọ́ márùn-ún lọ, kò sì sí ẹni tó ń jẹ sàláàdì adìyẹ ní ìpò mẹ́fà láàárín ọjọ́ márùn-ún.